Ìgbéyàwó ní Santorini: ẹsẹ̀ Màmá ni kí ẹ fi wọn ìrìnàjò náà

Ìbéèrè: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Manchester fẹ́ ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ ní erékùṣù Santorini, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ní ìparí oṣù kẹfà. Ìbàdàn làwa wà. Èmi, ọkọ mi àti ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, la fẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó tíì dé Yúróòpù rí nínú wa. A ti sanwó aṣọ ẹbí, ó ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Kí ló kàn? Kí la ò gbọdọ̀ gbàgbé?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìnáwó tó ń bọ̀ lọ́nà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ bá wọn ṣe é tayọ̀tayọ̀. Aṣọ ẹbí tí ẹ ti san dáa, àmọ́ òun ló rọrùn jù nínú gbogbo ohun tó wà níwájú yín. Lẹ́nu iṣẹ́ ìṣètò ìrìnàjò tí mò ń ṣe, mo máa ń rí ẹbí tó ti yan gèlè, tó ti yan bàtà, tí wọn ò sì tíì wo ọjọ́ tí agbára pásípọ́ọ̀tù ìyá wọn máa tán. Mo bẹ̀ yín, ẹ yí ètò náà padà. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Màmá ni kò lè sáré, Màmá ni àtẹ̀gùn máa ni lára jù, ìwé Màmá ló sì máa nira jù láti tò. Àwọn ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ìpinnu. Bí ọ̀nà bá ti gba Màmá, ó ti gba gbogbo yín nìyẹn.

Ẹ kó pásípọ́ọ̀tù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lónìí. Gíríìsì wà lára orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Schengen. Òfin wọn ni pé pásípọ́ọ̀tù náà kò gbọdọ̀ tíì ju ọdún 10 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ ṣì ní agbára fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ojú ewé méjì tó ṣófo sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Bí ti Màmá bá ti ń lọ sópin, ẹ má fi falẹ̀. Wọn kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù tuntun láìsí nọ́ńbà NIN, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà nínú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti sábà máa ń há. Nígbà tí wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni wọ́n fi dàgbà. Ẹni tó forúkọ wọn sílẹ̀ fún NIN lè ti fi ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní sí i, kí pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ sì máa sọ nǹkan mìíràn. Àtúnṣe rẹ̀ ṣeé ṣe, àmọ́ ó máa ń gba àkókò, ẹ ò sì lè bẹ ẹnikẹ́ni kó yá ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọkọ̀ òfurufú.

Lẹ́yìn èyí ló kan físà. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ bó bá ku oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ku dín ní ọjọ́ 15. Fún ìgbéyàwó ìparí oṣù kẹfà, ọ̀nà ti ṣí láti ìparí oṣù kejìlá nìyẹn. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń yẹ ìwé wò, àmọ́ bí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí, ó lè tó ọjọ́ 45. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà kan láti oṣù kẹfà ọdún 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Iléeṣẹ́ aṣojú Gíríìsì wà ní Àbújá. Ojú òpó tiwọn gan-an ni kí ẹ ti ka ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé àti bí a ṣe ń mú ọjọ́. Àwọn kan wà tó ń ta ọjọ́ ìfìwésílẹ̀ bí ẹni ń ta ọjà. Ẹ má bá wọn dúnàádúrà. Èmi á fẹ́ kí ìwé yín wọlé ní oṣù kẹta, kí ó pẹ́ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, kí àyè lè wà bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìwé kan wá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi ìwé yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìrìnàjò ìgbéyàwó ti ń bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ físà ń béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé àwọn èèyàn yìí máa padà sílé? Gbogbo ìwé tí ẹ bá kó síwájú rẹ̀ ni kó máa dá a lóhùn. Lẹ́tà ibi iṣẹ́ yín tó sọ ọjọ́ tí ìsinmi yín bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa wọlé padà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ara ẹni lọkọ yín ń ṣe, ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò àti ìwé owó orí. Sítétímẹ́ǹtì báńkì tó fi hàn bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde lóṣooṣù. Owó ńlá tó ṣàdédé wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìfìwésílẹ̀ kì í dùn ún wò lójú wọn. Bí ẹ bá ta ilẹ̀ tàbí tí ẹ kó àjọ, ẹ fi ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ sí i. Kí ọkọ àti ìyàwó ojú ọ̀nà kọ lẹ́tà ìpè tó dárúkọ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ibi tó ti máa wáyé, kí wọ́n so ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù tiwọn àti ìwé ìgbélùú wọn ní Bìrìtéènì mọ́ ọn.

Ti Màmá yàtọ̀. Wọn ò ní ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó máa kọ lẹ́tà fún wọn. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ wá, bí wọ́n bá ń gbà á, àti ìwé ilé tàbí ilẹ̀ tó wà lórúkọ wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa san owó wọn, ẹ kọ lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi hàn pé ìyá yín ni wọ́n lóòótọ́. Èyí rọrùn lẹ́nu. Àmọ́ orúkọ ọkọ yín ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín, orúkọ bàbá yín ló wà nínú tiwọn, òṣìṣẹ́ tó ń wo ìwé náà kò sì mọ bí a ṣe ń jẹ́ orúkọ nílẹ̀ wa. Ìwé ìbí yín tó ní orúkọ ìyá àti ìwé ìgbéyàwó yín tó ní orúkọ méjèèjì ló máa so ẹ̀yin àti Màmá pọ̀ lójú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín náà nílò irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ-ọmọ wọn ni Màmá ń lọ bá ṣe ìyàwó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe sítétímẹ́ǹtì ayédèrú, kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ máa wà nínú àkọsílẹ̀ ìkànnì físà wọn fún ọdún márùn-ún, gbogbo orílẹ̀-èdè 29 náà ló sì lè rí i. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì pátápátá kí físà tó jáde. Wọn ò fi dandan lé e. Àyè tí ẹ gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ti tó fún wọn. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣeé fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Lára ohun tí wọ́n máa béèrè ni ìwé adójútòfò ìrìnàjò tó lè san yúrò 30,000, ó kéré tán, fún ìtọ́jú ìṣègùn àti gbígbé aláìsàn padà wálé. Èyí tó pọ́ọ́kú jù á gbà yín wọlé. Kò sì ní san kọ́bọ̀ fún àìsàn tí Màmá ti ní tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì san owó tó lé lórí rẹ̀. Ẹ wá èyí tó tún máa san án padà bí ìrìnàjò bá fagi lé. Santorini jókòó sórí òkè ayọnáyèéfín. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilẹ̀ ń mì tìtì níbẹ̀ léraléra débi pé wọ́n ti iléèwé pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kó kúrò ní erékùṣù náà fúngbà díẹ̀. Wọ́n ti padà, àwọn àlejò náà ti padà, àmọ́ adójútòfò tó mọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rà.

Ó wá ku ọ̀nà tí ẹ máa gbà lọ. Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ará Manchester lókèèrè: “Ẹ kúkú gba Lọ́ńdọ̀nù wá, ká jọ lọ.” Ó dùn létí, àmọ́ ọ̀fìn ni. Físà Schengen kì í ṣe físà Bìrìtéènì. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ kọjá ní pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ gba físà ìkọjá, kódà bí kò bá jáde síta rárá, àfi bó bá ní irú físà tàbí ìwé ìgbélùú mìíràn tó yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ìlú láti kí ẹbí gbọ́dọ̀ gba físà àlejò tiwọn, owó mìíràn, ìwé mìíràn, ìdúró mìíràn. Ẹ lọ tààrà sí Áténì, olú ìlú Gíríìsì, láti Èkó, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́nà. Íjíbítì, Tọ́kì àti Etiópíà ní ọkọ̀ òfurufú tó ń gba Cairo, Istanbul àti Addis Ababa lọ. Ẹ fi ìwọ̀n wákàtí tí ẹ máa fi dúró yàn, kí ẹ má fi ẹ̀dínwó díẹ̀ yàn. Wákàtí 14 lórí àga irin kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ fi kọ́ Màmá ní ìrìnàjò. Àtipé bí ẹ bá ń ronú láti yà sí Istanbul ṣeré lẹ́yìn ìgbéyàwó kí ẹ tún padà sí Áténì, ẹ wo físà yín dáadáa. Bó bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, bí ẹ bá ti jáde, ó parí nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé Màmá nílò kẹ̀kẹ́ arọ ní pápákọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ màmá ló máa ń bínú sí i: “Èmi kì í ṣe arọ.” Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀nà tó wà láàárín géètì kan sí ìkejì ní àwọn pápákọ̀ ńlá yìí gùn, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ náà mọ ọ̀nà, ó sì máa ń mú wọn gba ibi tí ìlà ti kúrú. Ẹ jẹ́ kó ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú, torí bíbéèrè rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kì í sábà yọrí.

Láti Áténì, ọkọ̀ òfurufú kékeré á gbé yín dé Santorini láàárín ìṣẹ́jú 50 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà omi náà wà, láti èbúté Piraeus: èyí tó yára máa ń lò tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, èyí tó tóbi tó sì rọra ń lọ lè tó mẹ́jọ. Ọkọ̀ ojú omi dára fún ẹni tó ní ẹrù púpọ̀, torí wọn kì í wọn ẹrù bíi ti òfurufú, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e sókè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní meltemi, tó máa ń fẹ́ lórí òkun yẹn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ tó bá le jù, àwọn aláṣẹ èbúté kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí rárá. Oṣù keje àti ìkẹjọ ló ń le jù, àmọ́ ó lè fẹ́ ní ìparí oṣù kẹfà náà. Fún Màmá, mo fara mọ́ òfurufú. Bí ẹ kò bá ra ìrìn méjèèjì sínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹ sùn mọ́jú ní Áténì. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí èyí àkọ́kọ́ bá pẹ́ dé, òun ló máa ra ìkejì mìíràn. Kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn. Kí ẹ sì dé erékùṣù náà, ó pẹ́ tán, ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbéyàwó.

Ibi tí ẹ máa sùn ló tún kàn, ẹ sì jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ sí Santorini, ilé funfun tó so mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tó dojú kọ òkun, Oia, Imerovigli àti Fira ni. Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́. Àtẹ̀gùn ni gbogbo rẹ̀ náà. Mọ́tò kì í dé ẹnu ọ̀nà púpọ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn. Á já yín sílẹ̀ lójú títì, ẹ ó wá máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta tí ẹsẹ̀ àlejò ti fọ̀ mọ́ tó ń yọ̀, àtẹ̀gùn kan ga, èyí tó tẹ̀ lé e kúrú. Láti Fira sí èbúté àtijọ́ nísàlẹ̀ nìkan, àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní 500. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun kan péré: àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ibi tí mọ́tò ń dúró dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá wa? Ẹ gba nọ́ńbà, ẹ má gba “kò pọ̀”. Bó bá lé ní 15, ẹ wá ibòmíràn. Kamari àti Perissa wà ní apá kejì erékùṣù náà, etí òkun ni, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín. Iyanrìn etíkun níbẹ̀ dúdú, ó sì ń jó ẹsẹ̀ lọ́sàn-án, kí Màmá má ṣe bọ́ bàtà.

Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi ìyàwó ojú ọ̀nà nípa ibi ìgbéyàwó: báwo ni ìyá àgbà ṣe máa dé àga tí wọ́n máa jókòó sí? Ẹ bi í báyìí, nígbà tó ṣì lè bá àwọn tó ni ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe lówúrọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ibì kan ní ọ̀nà ẹ̀yìn tí mọ́tò lè gbà. Ẹni tí kò béèrè kò ní mọ̀. Takisí kò pọ̀ ní erékùṣù yẹn, torí náà kí ẹ ti bá hòtẹ́ẹ̀lì ṣètò mọ́tò àlọ àti àbọ̀ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì èrò wà, ó sì pọ́ọ́kú, Fira ni gbogbo wọn ti ń gbéra, àmọ́ ìdúró inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó wọ aṣọ òkè.

Aṣọ wá. Ẹ gbé aṣọ ọjọ́ ìgbéyàwó, gèlè, fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ sínú báàgì tó máa bá yín wọnú ọkọ̀, kí ẹ má fi rán wọn lọ. Àpótí lè sọnù fún ọjọ́ méjì. Aṣọ ẹbí ò ṣeé yá ní Santorini. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù láti Áténì sí erékùṣù náà sábà máa ń jẹ́ ti báàgì kékeré nìkan, torí náà kílò 46 tí wọ́n fún yín láti Èkó lè di gbèsè níbẹ̀. Ẹ ra ti ẹrù mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàtà gogoro kò ní wúlò lórí òkúta wọ̀nyẹn. Sálúbàtà tó mú ilẹ̀ dáadáa, tó bá aṣọ mu, ló dáa. Gèlè tó ga fíofío á máa bá afẹ́fẹ́ jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ní kí wọ́n wé e mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi pín-ìnnì dè é dáadáa. Kí Màmá mú ìborùn tó nípọn dání, torí bí oòrùn bá ti wọ̀, òtútù orí òkè yẹn kì í ṣe eré.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ bá òun kó aṣọ 20 tí wọ́n ti rán fún àwọn ọ̀rẹ́ Manchester. Ẹ rọra kọ̀. Ẹni tó bá ọkọ̀ òfurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi wọ Yúróòpù lè mú ohun tó tó yúrò 430 wọlé fún ara rẹ̀ àti fún ẹ̀bùn láìsan owó ibodè. Aṣọ 20 tó jọra nínú àpótí kan, ọjà títà ló jọ lójú aṣọ́bodè. Ẹ má sì gba ẹrù tí ẹ kò fi ọwọ́ ara yín dì, ì báà jẹ́ ìyá ọkọ ìyàwó ló gbé e wá.

Oúnjẹ: òfin wọn kò gba ẹran àti wàrà wọlé láti ilẹ̀ wa, ì báà gbẹ, ì báà tútù. Pọ̀nmọ́, kílíṣí, ṣàkì, wàrà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ewédú tútù àti ata tútù náà kò gbọdọ̀ wọlé láìsí ìwé ẹ̀rí. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti tú inú rẹ̀, gàrí, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ kì í fa wàhálà, kí ẹ ṣáà dì wọ́n dáadáa. Bí yàrá yín bá ní ibi ìdáná, Màmá ti là nìyẹn. Kí wọ́n sì tọ́ fava wò, oúnjẹ Santorini gan-an ni, ẹ̀wà pupa rúsúrúsú tí wọ́n sè tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ará Ìbàdàn tó bá tọ́ ọ wò á rò pé gbẹ̀gìrì tó dì ni. Omi ẹ̀rọ erékùṣù náà kì í ṣe ti mímu; omi inú ike ni kí ẹ máa rà. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, inú garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń ju bébà sí, páìpù wọn kéré.

Oògùn Màmá gbọ́dọ̀ wà nínú páálí tirẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, nínú báàgì ọwọ́, kó sì lé ní iye ọjọ́ tí ẹ máa lò. Ẹ má gbé oògùn tó ní kódíìnì tàbí tramadol dání láìsí ìwé dókítà. Káàdì yẹ́lò náà ńkọ́, ìwé tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú? Ẹ mú un dání, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní pápákọ̀ Èkó máa ń béèrè rẹ̀. Iná wọn bá tiwa mu ní agbára, àmọ́ ihò róbótó méjì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ní, ẹ ra orí rẹ̀ ní Èkó. Aago wọn fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Ní ẹnu ibodè ní Áténì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ya àwòrán ojú àlejò, tí wọ́n sì ń ka ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Ìlà lè gùn. Físà nìkan ò ní kí aṣọ́bodè má béèrè ọ̀rọ̀: ibo lẹ ń lọ, ta ló pè yín, ìgbà wo lẹ máa padà? Bí kẹ̀kẹ́ bá gbé Màmá lọ síwájú, ó lè ku àwọn nìkan níwájú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà ìpè, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti nọ́ńbà fóònù ìyàwó sínú fáìlì onírọ́bà kan, kó wà nínú báàgì ọwọ́ Màmá fúnra wọn, kì í ṣe nínú tiyín. Ẹ bá wọn ṣe ìdáhùn náà dánrawò nílé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, ohun méjì ló yàtọ̀ sí ti ilé. Àkọ́kọ́ ni àkókò. Wíwọ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń ṣètò ìgbéyàwó níbẹ̀, nǹkan bíi aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ kọjá díẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà, oòrùn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹ ti jókòó ní aago mẹ́fà. Òfin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì wà nílẹ̀ Gíríìsì: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti aago mọ́kànlá alẹ́ dé méje òwúrọ̀, wọn kò gba ariwo orin níta. Kò sí ọ̀wàmbẹ̀ à-jó-mọ́jú níbẹ̀. Ẹ sọ fún ẹbí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má bá bínú sí ọmọ náà.

Ìkejì ni owó níná. Ẹ bi ìyàwó bóyá wọ́n fẹ́ ẹ, bóyá àwọn tó ni ibẹ̀ sì gbà. Bí wọ́n bá gbà, yúrò márùn-ún márùn-ún ni kí ẹ ṣẹ́ sílẹ̀ ní Áténì. Náírà ò wúlò fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, fífọ́n ọn sì lòdì sí òfin báńkì àpapọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ẹ má fọ́n owó náà sókè. Lórí pèpéle tó kọjú sí òkun yẹn, afẹ́fẹ́ kan péré á gbé e kọjá ògiri, ó di ti ẹja. Ọwọ́ ìyàwó ni kí ẹ máa fi í sí, tàbí kí ọmọdébìnrin kan gbé agbọ̀n tẹ̀ lé e. Ẹ̀bùn tó wúwo, abọ́, ìkòkò, kúlà, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀ rárá. Manchester ni ilé wọn. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹbí kì í fẹ́ sọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ ìwé wò. Ó lè ṣẹlẹ̀ kí wọ́n fún ẹ̀yin méjì, kí wọ́n sì kọ ti Màmá, tàbí kí wọ́n fún Màmá àti ọkọ yín, kí wọ́n kọ tiyín. Wọ́n máa kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àmọ́ ó lè má bá ọjọ́ ìgbéyàwó mọ́. Ta ló máa lọ nígbà náà? Ta ló máa dúró ti Màmá? Ṣé ẹ máa fi fóònù tan ìgbéyàwó náà wá sí Ìbàdàn, kí ẹbí tó kù pé jọ sí pálọ̀ Màmá kí wọ́n jọ máa wò ó? Ẹ jókòó sọ ọ́ báyìí, kí ẹ tó fi ìwé kankan sílẹ̀, kí Màmá sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́.